Àìpàdánù Kì í Ṣe Ẹ̀rí: Bí A Ṣe Ń Ṣi Ọ̀dọ́ Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò Wọ̀n

Ohun méjì péré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wọn ọ̀la ọ̀dọ́ abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó wà ní ìsọ̀rí àwọn tó wúwo jù lọ: iye ìjà tó ti jà láìpàdánù, àti iye ènìyàn tó ti lù dákú. Ní Onitsha, láti Ọjà Ńlá títí dé ibùdókọ̀ Upper Iweka, bí ó ṣe rí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Aba, ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Bí ọmọ Nàìjíríà kan bá ti borí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá léra, àwọn ènìyàn ti fi í jẹ ọ̀gá àgbáyé lọ́kàn wọn. Bó bá wá pàdánù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní ó ti tán. Irọ́ ni èkíní, irọ́ ni èkejì, ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ iṣẹ́ ni wọ́n sì ti tìtorí rẹ̀ pa tì.

Àkọsílẹ̀ ìjà kì í dédé wáyé. Agbátẹrù ló ń yan ẹni tí ọ̀dọ́ yóò bá jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìjà ráúńdì mẹ́rin tàbí mẹ́fà ni, alátakò sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kò ní borí: ẹni tí ọjọ́ orí ti lọ, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè nígbà tí ọjọ́ ìjà ti dé tán, ẹni tó kàn ń wá owó oúnjẹ ọmọ. Kò sí ohun tó burú nínú èyí, nítorí bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ náà nìyẹn. Ohun tó burú ni kí òǹwòran máa ka ìgbà ìkọ́ṣẹ́ sí ìgbà ìdánwò.

Ní ìsọ̀rí yìí, ẹ̀tàn náà tún pọ̀ ju ti àwọn tó fúyẹ́ lọ. Ọkùnrin tó wúwo tó 240 páùn lè fi ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo bo gbogbo àléébù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wúwo, orí rẹ̀ lè dúró gbagidi lójú kan, èémí rẹ̀ sì lè máà kọjá ráúńdì mẹ́rin. Bí alátakò bá ti ṣubú ní ráúńdì kejì, ta ni yóò rí i?

Dick Tiger, ọmọ Amaigbo tó dàgbà sínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Aba, kò sí ní ìsọ̀rí àwọn tó wúwo jù lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ọ̀rọ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí ọdún 1955, ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ ló pàdánù léra wọn. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò lónìí ìbá ti dá a padà sílé. Ní October 1962, ó gba ìgbànú àgbáyé lọ́wọ́ Gene Fullmer ní San Francisco. Ní August 1963, ó tún na ọkùnrin kan náà ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn. Ní December 1966, ó gun òkè lọ sí ìsọ̀rí mìíràn, ó sì gba ìgbànú ibẹ̀ náà lọ́wọ́ José Torres. Wladimir Klitschko pàápàá, ní ìsọ̀rí àwọn tó wúwo jù lọ gan-an, ti pàdánù ní 1998, ní 2003 àti ní 2004, kó tó wá jọba láti 2006 di 2015.

Samuel Peter, ọmọ Akwa Ibom, ni Klitschko yìí kan náà kò lójú ní Atlantic City ní September 2005. Ìjà 24 ni Peter ti jà láìpàdánù, ó sì ti lu 21 nínú àwọn alátakò rẹ̀ dákú. Lóòótọ́, ó gbá Klitschko lulẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Síbẹ̀, adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ 114 sí 111 fún Klitschko, nítorí pé lẹ́yìn gbogbo ìṣubú yẹn, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò dẹ́kun láti máa bá Peter lójú. Peter gba ìgbànú WBC lọ́wọ́ Oleg Maskaev ní March 2008. Ní October ọdún yẹn, Vitali, ẹ̀gbọ́n Klitschko, fi irú ẹ̀ṣẹ́ òsì jíjìnnà bẹ́ẹ̀ dà á láàmú ní Berlin, tó fi jẹ́ pé Peter kò dìde lórí àpótí mọ́ lẹ́yìn ráúńdì kẹjọ. Agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ méjèèjì. Ọ̀nà tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ga, tó sì mọ bí a ṣe ń lé ènìyàn sẹ́yìn, ni kò ní.

Ẹni tó bá kúrò ní Onitsha, tó gba orí afárá Odò Ọya kọjá sí Àsàbà, tó sì kọjú sí gúúsù, yóò dé Ughelli, ìlú Efe Ajagba. Wọ́n bí Ajagba ní 1994, ó gba bàbà ní ìdíje Commonwealth ní Glasgow ní 2014, ó gba góòlù ní ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Brazzaville ní 2015, ó sì lọ sí Olympics ní Rio ní 2016. Nígbà tó di akànṣẹ́ olówó ní 2017, gíga rẹ̀ àti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú kí àwọn ènìyàn máa pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú àkọsílẹ̀ náà. Ní August 2018, ní Minneapolis, agogo dún, Curtis Harper sì rìn jáde kúrò nínú ríìngì. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ajagba borí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ju ẹ̀ṣẹ́. Ọ̀kan lára àwọn ìjà tí àwọn ènìyàn ń fi yangàn nìyẹn!

Ìjà tó yẹ kí wọ́n wò ni ti December 2019, nígbà tí Iago Kiladze gbá a lulẹ̀ ní ráúńdì kẹta. Ajagba dìde, ó sì parí Kiladze ní ráúńdì karùn-ún. Ìṣubú yẹn sọ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: pé ọkàn rẹ̀ le, àti pé ààbò rẹ̀ ní ihò. Nínú àkọsílẹ̀, ìborí lásán ni. Ní October 2021, pẹ̀lú ìjà 15 láìpàdánù, ó bá Frank Sánchez pàdé ní Las Vegas, ọmọ Kúbà tí kì í dúró síbi tí ẹ̀ṣẹ́ ń bọ̀. Sánchez gbá a lulẹ̀ ní ráúńdì keje, gbogbo adájọ́ sì fún Sánchez. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìgúnpá Ajagba méjèèjì.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kẹ́yìn sí i, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fara balẹ̀ wò ó. Ní April 2024, ó borí Guido Vianello bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn àwọn adájọ́ kò ṣọ̀kan. Ní May 2025, ní Riyadh, òun àti Martin Bakole, tí ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún, jà dé òpin, wọ́n sì ta ọ̀mì. Ajagba tó ta ọ̀mì yẹn mọ iṣẹ́ ju Ajagba tó ní 15 láìpàdánù lọ.

Ike Ibeabuchi, ọmọ Isuochi, ni kò jẹ́ kí ìgbàgbọ́ pé àìpàdánù ni ẹ̀rí rí ẹsẹ̀ dúró lé rárá. Ó borí David Tua ní June 1997, nínú ìjà tí àwọn méjèèjì ti ju ẹ̀ṣẹ́ 1,730. Ó dá Chris Byrd dúró ní March 1999. Títí dìgbà náà, ìjà 20 ló ti jà, kò pàdánù ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ọ̀daràn ní Nevada ló gbé e lọ sẹ́wọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì gba ìgbànú àgbáyé kankan. Ìgbé ayé abẹ̀ṣẹ́ lẹ́yìn ríìngì, àwọn tó yí i ká, ẹni tó lè bá a wí kó gbọ́: àkọsílẹ̀ kì í ní àyè fún èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹni tí ariwo ń bá rìn báyìí ni Moses Itauma, tí wọ́n bí ní Slovakia ní December 2004, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ní August 2025, ó fi ìjà 13 láìpàdánù kúrò ní Riyadh lẹ́yìn tó parí Dillian Whyte ní ráúńdì àkọ́kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá gidigidi, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ń ti ibi tí alátakò kò retí wá, ó sì jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, èyí tó máa ń da ọ̀pọ̀ rú. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 37 ni Whyte lọ́jọ́ náà, Anthony Joshua, Alexander Povetkin àti Tyson Fury sì ti dá a dúró ṣáájú. Títí di alẹ́ yẹn, ìjà Itauma kankan kò tíì kọjá ráúńdì kẹfà, bẹ́ẹ̀ méjìlá ni ti ìgbànú àgbáyé. Ohun tó yẹ kí wọ́n wò nínú àwọn ìjà rẹ̀ tó tẹ̀lé e ni bí èémí rẹ̀ yóò ṣe rí ní ráúńdì kẹsàn-án, ohun tí yóò ṣe bí ẹni tó ga bí i tirẹ̀ kò bá jẹ́ kó sún mọ́ òun, àti bí yóò ṣe padà jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀ṣẹ́ gidi bá bà á fún ìgbà àkọ́kọ́.