Lẹ́tà Nìkan Kò Lè Dá Omi Dúró

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin òbí àti ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé ní Agílítì, ní Maidan, ní Owódé Onírin àti ní ẹ̀yìn ọjà Mile 12, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, nígbà tí oòrùn bá tiẹ̀ ń ràn, tí àwọn ará Ìkẹjà ń sá aṣọ, ìgbà náà ni omi máa ń rọra gba ẹ̀yìn wọ yàrá yín. Kì í ṣe òjò Èkó nìkan ló fà á. Odò Ògùn ni, tó ti òkè kún wá, àti omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán. Ẹ rántí oṣù kẹwàá 2010 ní Ajégúnlẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Dáàmù di ìdààmú.

Bí a bá béèrè ẹni tó jẹ̀bi, a máa ń sọ pé ìjọba kò bìkítà, tàbí pé wọ́n ti kó owó jẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ omi yìí, èmi tí mo ń jẹun nídìí iṣẹ́ ìjọba ń sọ fún yín pé àìsàn tó ń ṣe wá yàtọ̀. Àwọn ọ̀gá wa kò mọ bí a ṣe ń bá ọ̀gá ọ́fíìsì mìíràn ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, bí iṣẹ́ télọ̀ tàbí iṣẹ́ mẹkáníìkì. Wọn kò kọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n pé kí ló dé.

Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀lé omi náà. Àjọ tó ń bójú tó odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976, ló ń ṣàkóso dáàmù Ọ̀yán. Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí i ní 1983, ó sì lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà. Ọ̀yán ṣàn sínú odò Ògùn, odò Ògùn gba Abẹ́òkúta kọjá, ó gba abẹ́ afárá Kara ní Ìṣẹrí, ó yí gba ẹ̀yìn Mile 12 títí dé Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, kó tó wọ inú ọ̀sà. NIHSA ní Àbújá ló ń sọ bí odò yóò ṣe kún, NiMet ló ń sọ bí òjò yóò ṣe rọ̀. Ìpínlẹ̀ ló ń fọwọ́ sí pílánù ilé. Ìwé òfin 1999 gbé gọ́tà àti ìdọ̀tí fún ìjọba ìbílẹ̀, bẹ́ẹ̀ láti 2003 tí Èkó ti pín Kòsọ́fẹ́, alága mẹ́ta ló wà lórí ilẹ̀ wa: Kòsọ́fẹ́, Agbóyì-Kétu, Ìkòsí-Ìṣẹrí. Bí omi bá wọlé tán, LASEMA àti NEMA ni yóò wá kó wa jáde. Ẹ ka iye ọ́fíìsì yẹn. Omi kan náà ni gbogbo wọn ń lé.

Àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù ní ọ̀rọ̀ tiwọn, n kò sì fẹ́ parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ń tú omi, àwọn sì ń kọ̀wé ránṣẹ́ ṣáájú. Wọ́n ní àwa la kọ́lé sí ojú omi. Òótọ́ wà níbẹ̀. Bí dáàmù bá kún jù tí wọn kò tú u, ó lè já. Ẹ rántí Maiduguri ní oṣù kẹsàn-án 2024, nígbà tí dáàmù Alau já tí omi lé àìmọye ènìyàn kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Èkó fúnra rẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Inú odò Ògùn yìí ni wọ́n ti ń fa omi tí ẹ̀rọ Ìjù àti Àdìyàn ń fọ̀ fún wa, nítorí náà àǹfààní iléeṣẹ́ omi ni kí dáàmù kún dẹ́múdẹ́mú, kó lè tó wa títí ẹ̀ẹ̀rùn. Àǹfààní àwọn tó ń rí sí omíyalé ni kí ó fà kí oṣù kẹsàn-án tó dé, kí àyè lè wà fún òjò. Ìpínlẹ̀ kan, ẹnu méjì! Ta ni yóò mú àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n fẹnu kò sí ibi tí omi gbọ́dọ̀ dé ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, kí wọ́n tó lọ bá àwọn ará Abẹ́òkúta?

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ tí mo ń sọ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀gá mọ ohun tí ọ́fíìsì kejì ń bẹ̀rù, kí ó mọ ìgbà tí owó wọn máa ń jáde, kí ó mọ ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn dáàmù gan-an, yàtọ̀ sí ẹni tó ń buwọ́ lùwé. Kí ó gbọ́ èdè wọn, kí ó sì lè túmọ̀ rẹ̀. Bí ìwé bá dé pé iye kúbíìkì mítà báyìí ni yóò máa jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ni ìyá tó ń ta tòmátì ní Mile 12 fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ohun tó fẹ́ gbọ́ ni pé: ní Ọjọ́bọ̀ omi yóò dé orókùn ní òpópónà yín, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì àti ìwé àwọn ọmọ sókè.

Mo ti rí bí lẹ́tà ṣe ń rìn. Wọ́n á fi òǹtẹ̀ lù ú, á gba nọ́ńbà, á gun àtẹ̀gùn lọ bá dírẹ́kítọ̀, dírẹ́kítọ̀ á kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí etí rẹ̀, á tún sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ bá bi ọ́fíìsì tó kọ ọ́, wọ́n á ní àwọn ti ṣe tiwọn, ẹ̀dà wà nínú fáìlì. Ìdánwò ìgbéga yóò bi ọ́ ní òfin owó àti òfin iṣẹ́. Kò ní bi ọ́ pé ta ni o mọ̀ ní Abẹ́òkúta, kí lẹ sì jọ ṣe. Ẹni tó fi fóònù mẹ́ta yanjú ọ̀rọ̀ kò ní ẹ̀rí kankan láti fi hàn. Ẹni tó kọ lẹ́tà ni wọ́n á gbé ga.

Àwọn kan á ní ẹgbẹ́ òṣèlú ló fà á. Ṣùgbọ́n láti 2015, ẹgbẹ́ kan náà ló ń ṣèjọba ní Àbújá, ní Èkó àti ní Ògùn. Ṣé omi ti dáwọ́ dúró? Ní 2022 ńkọ́, tí ìjọba Èkó tún ń pariwo pé kí àwọn tó wà létí odò kó jáde? Kó lọ síbo, owó ilé ta ni?

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù keje 2014, àrùn Ẹ̀bólà bá ọkọ̀ òfúrufú wọ Èkó. PDP wà ní Àbújá, APC wà ní Èkó, ìdìbò ti ń sún mọ́lé. Síbẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti àjọ ìlera àgbáyé jókòó síbì kan, lábẹ́ alákòóso kan, Dókítà Faisal Shuaib. Wọ́n tọpa ènìyàn 894. Ogún ló kó àrùn náà, mẹ́jọ kú, Dókítà Ameyo Adadevoh sì wà lára wọn. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé ó ti tán. Ìfẹ́ òjijì kọ́ ló ṣe é. Láti 2012 ni wọ́n ti ń fi irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ gbógun ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ẹni tó darí rẹ̀ wá. Wọ́n ti kọ́ṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀.

Nehemáyà náà, òṣìṣẹ́ ààfin ni. Kó tó gbé òkúta kan, ó gba lẹ́tà sí àwọn gómìnà tó wà lókè odò àti sí olùṣọ́ igbó ọba. Ṣùgbọ́n kò fi lẹ́tà náà rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ.

Nítorí náà, bí alága bá gbé àpò ìrẹsì wá kí wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbà á bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀: Alága, ta ni ẹ mọ̀ ní dáàmù Ọ̀yán? Ìgbà wo lẹ jọ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? Bí omi bá ń bọ̀, ta ni yóò pe àwọn ará Agílítì, ọjọ́ mélòó ṣáájú? Bí ó bá dáhùn pé àwọn ti kọ̀wé sí wọn, ẹ má gbà. Ẹ ní kí ó pe ẹni náà lórí fóònù níṣojú yín.