Ta Ló Jẹ Oyin Inú Àpáta?

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó ní 1896, wọn ò wo ẹnu àáké lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ni àáké? Joseph Chamberlain, tí àwọn ilẹ̀ àmúsìn wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, mọ oyin tí òun ń wá: èkùrọ́, epo pupa, àti òwú tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ Lancashire ń dù. Àwọn ọmọ wa ló gbẹ́lẹ̀, tó fọ́ òkúta, tó forí ru irin. Iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́ débi pé wọ́n tún kó nínú wọn lọ la ojú irin Sekondi ní Góòlù Kóòsì. Ẹni tó bá ń sọ pé Òyìnbó fi reluwé ta wá lọ́rẹ, kó rọra.

Àwọn òkè tó wà láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kò ga tó ti Ìdànrè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń wọ́ ẹrù wúwo kò fẹ́ràn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìdí nìyí tí ojú irin àtijọ́ fi ń yí ẹsẹ̀ òkè po, tó ń wá ibi tí ilẹ̀ ti rọjú. Wọ́n ṣe é tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íńṣì 6 láti irin kan sí èkejì, nítorí pé irú rẹ̀ rọrùn láti tẹ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ó gba Olókèméjì kọjá, lẹ́bàá igbó tí ìjọba pààlà sí ní 1899, ó gba Omi-Àdió, ó sì wọ Ìbàdàn. Gómìnà MacGregor ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1901.

Ẹni tó sì ní ìrẹ́jẹ lásán ni, òun náà kò sọ ọ́ tán. Òótọ́ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ Òyìnbó tò sí Gbági ní Ìbàdàn nítorí ibùdókọ̀ Dùgbẹ̀, wọ́n sì fi Jẹ́ríkò wa níhìn-ín ṣe ibùgbé. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1912 tí ojú irin ti so Èkó mọ́ Kánò, gbànjá Agége bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ sí Òkè Ọya. Kò sí Òyìnbó tó ṣètò òwò yẹn fún wa. Àwọn Hausa tó tẹ Sábó Ìbàdàn dó ní 1916 mọ adùn rẹ̀. Oyin kán sí wa lẹ́nu nítorí pé ọkọ̀ ń dúró ní àwọn ibùdókọ̀ kéékèèké, tí àgbẹ̀ lè gbé àpò èlùbọ́ rẹ̀ sí i.

Ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà 2021 gbòòrò, ó yá, kìlómítà 157 ni. Mo ti wọ̀ ọ́, ó wù mí. Ṣùgbọ́n Mọníyà, ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn, jìnnà sí Dùgbẹ̀, Olókèméjì kò sì ní ibùdókọ̀ lórí rẹ̀ rárá.

Àwọn kan á ní ti àtijọ́ ti gbó, kò lè sáré. Ta ló ní kó sáré? Iṣu kì í kánjú. Ohun tí àgbẹ̀ ń fẹ́ ni ọkọ̀ tó dájú, tí owó rẹ̀ kéré, tó ń dúró nítòsí oko. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ti tuntun máa gbé èrò àti àpótí ẹrù Àpápá, kí ti àtijọ́ máa gbé ẹrù oko.

Tẹ́lẹ̀, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin fún ní agbára lórí reluwé. Àtúnṣe òfin tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2023 ti jẹ́ kí àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú lè dá sí i. Kí ìjọba Ọ̀yọ́ àti ti Ògùn jókòó papọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ojú irin àtijọ́ yìí kí àwọn ajagungbalẹ̀ tó kọ́lé lé e lórí. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bi aṣojú yín ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin léèrè ohun tó ń ṣe sí i.