Omíyalé Ìbàdàn: Ògùnpa ni wọ́n ń ṣọ́, odò mìíràn ló ṣọṣẹ́

Bí ẹ bá bi àgbàlagbà kan ní Ìbàdàn pé ọdún wo ni wọ́n bí àkọ́bí rẹ̀, ó lè má dárúkọ ọdún kankan. Yóò kàn ní kò tíì sí Omíyalé nígbà náà, tàbí pé ẹ̀yìn Omíyalé ni. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún àkúnya, tó gbẹ̀mí èèyàn tó lé ní igba, tó wó ilé, tó sì ń wọ́ mọ́tò lọ bí ẹni gbé igbá. Odò náà ti ṣe irú rẹ̀ rí ní 1960, 1963 àti 1978.

Kò sẹ́ni tó máa wá sọ pé ará Ìbàdàn kò mọ ohun tí omi lè ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé orúkọ odò kan ṣoṣo ni wọ́n so ẹ̀rù náà mọ́. Nígbà tí ìjọba gbẹ́ ojú Ògùnpa, tí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ẹ, lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà ti falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn èèyàn gbà pé ewu ti kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ní Ìbàdàn, ejò kan yẹn nìkan ni wọ́n ń sá fún. Ẹ̀bá àwọn odò yòókù ni wọ́n ń kọ́lé sí.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, òjò tó tó mìlímítà 187 rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Afárá Àpẹ́tẹ̀ wó, odò Ọ̀nà ya wọ ilé onílé, àwọn tó kú sì lé ní ọgọ́rùn-ún gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ Red Cross ṣe sọ. Ọ̀pọ̀ ìjàǹbá ọjọ́ náà kò sí ní Ògùnpa rárá.

Àwọn aláṣẹ máa ń pe èyí ní etí dídi. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ṣírò ọ̀rọ̀ náà lè má gbà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ etí odò kì í wọ́n bí ilẹ̀ orí òkè. Omíyalé lè má dé fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n owó ilé ń wọlé lọ́dọọdún. Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi ilé sílẹ̀ fún, tó wá rí i tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri rẹ̀, kì í ronú nípa omi. Ohun tó ń rò ni pé ta ni ìjọba fẹ́ fún nílẹ̀ náà.

Wọ́n tún máa ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Àwọn tó ń sọ ọ́ yìí kan náà ló máa ń kó ẹrù lọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bójú ọ̀run bá ṣú. Ọ̀rọ̀ ìtùnú lẹ́yìn òfò ni gbólóhùn náà. Kò dí wọn lọ́wọ́ láti sá.

Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 dọ́là láti fi bójú tó omíyalé ní Ìbàdàn. Ìbéèrè tó kù ni bóyá àwọn tó ń gbé lẹ́bàá odò tí wọ́n tún ṣe kò ní tún gbà, bíi ti Ògùnpa, pé ewu ti tán, kí wọ́n sì tún máa fa ìpìlẹ̀ ilé sún mọ́ omi.