Ta Ni “A” Nínú “A Kì Í”?



Kò sí ibi tí a lè dé ní Ìbàràpá, láti Èrúwà títí dé Ìgàngàn, tí a kò ní gbọ́ ẹjọ́ kan náà lẹ́nu àgbẹ̀: olè ń hú ẹ̀gẹ́, olè ń ká kaṣú, ààlè kò sì ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù mọ́. Àwọn kan nínú wa ti ní ìdáhùn. Wọ́n ní kí a sọ ààlè di olóró, kí ẹsẹ̀ ẹni tó bá rú u wú, kí ó má lè délé. Èmi kò fara mọ́ ìmọ̀ràn yìí. Lójú tèmi, agbára kọ́ ni ó tán lára ààlè. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kà ni ó ń tán láàárín wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo gbólóhùn tí a fi ń kọ́ ọmọ ní èèwọ̀. Òfin ìjọba a máa sọ pé “ìwọ kò gbọdọ̀”. Àgbà ilé kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń wí ni pé: “A kì í jókòó sórí odó.” “A kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.” “A kì í súfèé lóru.” Nínú gírámà, “kì í” ń tọ́ka sí ohun tí kò sí nínú ìṣe ẹni, “a” sì ni arọ́pò-orúkọ ẹni kìíní ọ̀pọ̀. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àṣẹ, ìròyìn ni gbólóhùn náà, ìròyìn nípa irú ènìyàn tí àwa jẹ́. Ọmọ tó gbọ́ ọ kọ́ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ohun tí a kì í ṣe, àti pé òun náà wà nínú “a”.

Bí ọmọ ṣe ń kọ́ èdè ni ó ṣe ń kọ́ ìwà. Kò sí ìyá tó ń ka òfin gírámà fún ọmọ ọdún méjì. Ọmọ ń gbọ́, ó ń wò, ó ń ṣì í sọ, wọ́n ń tún un ṣe fún un. Ní ọdún 1961, Albert Bandura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford jẹ́ kí àwọn ọmọdé kan rí àgbàlagbà tó ń lu bèbí ńlá kan. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dé ibi tí bèbí wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn lù ú bí wọ́n ṣe rí i, wọ́n tilẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà náà sọ. Ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n ṣe é.

Ààlè jẹ́ “a kì í” tí a fi nǹkan sọ dípò ohùn. Bàtà tó ti já, ṣùkù àgbàdo, ìgbálẹ̀ tó ti gbó, ìkarahun ìgbín, àkísà pupa: a so wọ́n mọ́ igi eléso, a gbé wọn lé òkìtì igi ìdáná lẹ́bàá ọ̀nà. Ohun tó wúlò nígbà kan rí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tó ti di èrò ààtàn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà gbọ́ pé: bí o bá mú èyí, bí ìwọ náà yóò ṣe dà láàárín wa nìyí. “Láàárín wa” ni agbára rẹ̀ wà. Lójú ẹni tí kò ka ara rẹ̀ mọ́ wa, bàtà àlòkù lásán ni. Ní ọdún 2011, ọ̀mọ̀wé kan láti Amẹ́ríkà, David Doris, tẹ odindi ìwé jáde lórí ààlè wa. Àlejò kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n kà. Mélòó nínú àwọn ọmọ tí a bí sí Igbó-Ọrà lónìí ni ó lè kà á?

Kí ló wá dé tí àwọn kan fi ń rú u? Mo rí irú ènìyàn mẹ́ta.

Èkíní ni ẹni tí a kò mú wọ inú “a” rí. Darandaran tó ti òkèèrè dé lánàá kò mọ ohun tí ààlè ń wí. Àwọn Fúlàní tí a bí sí àárín wa mọ̀ ọ́n, àwọn náà sì ní pulaaku, òfin ìtìjú àti ìkóra-ẹni-níjàánu tí wọ́n fi ń tọ́ ọmọ tiwọn. Ẹ má jẹ́ kí a da àìmọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀daràn. Ti àwọn tó kọlu Ìgàngàn ní òru tó mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2021 kúrò ní ọ̀rọ̀ ààlè. Iṣẹ́ agbófinró ni.

Èkejì ni ẹni tí a lé jáde kúrò nínú “a”. Àṣà wa mọ̀ pé ebi kì í gbọ́ ìwàásù. Arìnrìn-àjò tí ebi ń pa lè wa iṣu kan nínú oko, kí ó sun ún jẹ níbẹ̀. Bí ó bá dì í lẹ́rù lọ ni ó di olè. Àánú wà nínú òfin náà. Ọ̀dọ́ tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò pè sí ìpàdé ìdílé, kí ni yóò fà á sẹ́yìn bí a bá wí fún un pé “a kì í”?

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù: àgbà tó ń sọ “a kì í”, tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe é. Odù Ìkáfún sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Àwọn àgbà mẹ́rìndínlógún lọ bi Ifá bóyá àwọn yóò pẹ́ láyé. Ifá ka èèwọ̀ mẹ́rìndínlógún fún wọn. Wọ́n rú wọn, ikú ń pa wọ́n, wọ́n wá figbe ta pé Ọ̀rúnmìlà ni ó ń pa àwọn. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ọmọdé, kì í ṣe àlejò, ni ó rú èèwọ̀ náà. Babaláwo tó bu owó lé ẹbọ nítorí pé aláìsàn kò mọ iye rẹ̀ ti kọ́ ọmọ awo tó jókòó tì í ní ẹ̀kọ́ kan, ọmọ náà kò sì ní gbàgbé.

Ariwo wa pẹ̀lú ń ba nǹkan jẹ́. Ní Arizona ní Amẹ́ríkà, ọgbà ìjọba kan wà tí igi inú rẹ̀ ti di òkúta láti ayébáyé, àlejò a sì máa jí i. Robert Cialdini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àkọlé oríṣiríṣi síbẹ̀. Níbi tí àkọlé ti kàn bẹ àlejò pé kí ó má mú igi, èyí tí wọ́n jí nínú igi tí wọ́n sàmì sí kò tó 2 nínú 100. Níbi tí àkọlé ti ń kédàárò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8 nínú 100. Àwa tí a ń sọ létí ọmọ lójoojúmọ́ pé “gbogbo ayé ló ń jalè”, “a” wo ni a ń kọ́ ọ? Ààlè àwọn baba wa kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí olè yóò dà ni ó ń fi hàn. Kò sọ pé olè pọ̀.

Ààlè olóró kò lè tún èyí ṣe. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tí ebi ń pa àti gbájúẹ̀, ẹni tó bá sì gbà pé òun ní ẹ̀rọ̀ rẹ̀ yóò kọjá lórí rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì nira jù ú lọ. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù kẹjọ, lẹ́yìn ìwọ́de àti ìlù, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú àwọn ọmọ lọ sóko, kí a fi ààlè hàn wọ́n, kí a kọ́ wọn bí a ṣe ń kà á. Kí ìdílé tó ní ilẹ̀ tó ṣófo bu díẹ̀ fún ọ̀dọ́ tí kò ní. Kí àwa awo sì máa ka iye owó ẹbọ níwájú ọmọ awo àti oníbèéèrè, kí a má fi sẹ́nìkan lábẹ́ aṣọ. Nígbà náà, bí a bá sọ fún ọmọ pé “a kì í”, yóò mọ ẹni tí à ń sọ.