Káńsù, Ológbò Wa Ń Kọ́?

Ẹ gbọ́ ná. Ìgbà wo lẹ rí òṣìṣẹ́ káńsù kẹ́yìn ládùúgbò yín? Bó bá jẹ́ Lágéré tàbí Sábó lẹ wà, ẹ ó ní owó ṣọ́ọ̀bù tàbí owó pátákó ìpolówó ló wá gbà. Ó lẹ́tọ̀ọ́. Àfikún Kẹrin òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ló fún un láṣẹ. Àmọ́ láàárín pátákó àti ṣọ́ọ̀bù nínú ìwé òfin yẹn, nǹkan kan wà tí wọ́n máa ń fò kọjá: àbójútó ẹran ọ̀sìn inú ilé, irú yòówù kó jẹ́. Ológbò wà níbẹ̀.

Ta ló ti kanlẹ̀kùn yín rí láti béèrè bóyá ológbò yín ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi? Ajá nìkan kọ́ ló ń kó àrùn yẹn ranni, ológbò náà lè kó o ranni. Bó bá sì ti hàn lára èèyàn, ó ṣọ̀wọ́n kó yè é.

Ológbò dúdú kan wà nílé tí mo gbé nígbà tí mo ń kàwé n'Ífẹ̀. Òun ló lé èkúté kúrò nílé ìdáná wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a bá òkú ẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti fi igi pa á. Kí ló ṣe? Ó ké lóru, wọ́n ní àjẹ́ ni. Ẹni tó pa á ò sá, ńṣe ló ń fi ṣe fáàrí. A ò sì mọ ibi tá a ti lè fẹjọ́ sùn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, "Ebi ń pa wá, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ológbò." Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ èèyàn náà ni. Eku ló ń kó ibà Lassa ràn wá, láti 1969 tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní Borno. Àwọn baba wa sì ti sọ ọ́: bí ológbò ò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté.

Ẹlòmíì á ní káńsù ò lówó. Lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. L'Ọ́ṣun wa ńbí, ìjà àga ni wọ́n gbé dé.

Ohun tí mo ń béèrè ò pọ̀. Kí Ìjọba Ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ifẹ̀ àti ti Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ mú ọjọ́ kan lọ́dún tí dókítà ẹran á fún ológbò labẹ́rẹ́ lówó pọ́ọ́kú. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ń sìn ín sílẹ̀. Kí ẹni tó bá pa ológbò tí ẹlòmíì ń sìn jìyà. Kí wọ́n má sì sọ ọ́ di owó orí ológbò o!

Bí olùdíje bá tún wá tọrọ ìbò ládùúgbò yín, ẹ bi í: ológbò wa ń kọ́?