Àmì Ara Ògiri Kò Dáàbò Bo Ọmọ

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, ọdún 2019, ilé alájà tí ilé-ẹ̀kọ́ kan wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì, ní Èkó. Ẹ̀mí 20 ni ó bá a lọ, àwọn ọmọdé sì wà lára wọn. Ìjọba ti fi àmì sára ilé náà tẹ́lẹ̀ pé wíwó ni ó yẹ ẹ́. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ kàwé.

Ní Ṣàngó Toll Gate, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́, ilé-iṣẹ́ àti ọkọ̀ akẹ́rù ti jọ ń pín àyè, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Òfin ààbò kò parí sórí àyẹ̀wò. Ìmúṣẹ ni òpin rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san owó ilé-ẹ̀kọ́, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò ilé náà, kí ẹ sì wo ọ̀nà àbáyọ rẹ̀. Ní ti àwa ìjọba, ilé tí a bá fi àmì sí, ẹ jẹ́ kí a padà lọ tì í.