Ẹni Ọgọ́ta Ọdún Nídìí Ìkòkò Aró

Lọ́dọọdún, tó bá ti di ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta, àwọn èèyàn ńláńlá a máa rọ́ wá sí Abẹ́òkúta láti bá Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣọjọ́ ìbí. Nígbà tí bàbá pé 80 lọ́dún 2017, ilé ìkówèésí ńlá tó kọ́ sí Òkè-Mọ́sàn ni wọ́n fi ayẹyẹ náà ṣí. Bẹ́ẹ̀, ọlọ́jọ́ ìbí fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, pé òun ò mọ ọjọ́ náà gan-an tí wọ́n bí òun. Ọjọ́ ọjà Ifọ̀ ni ìyá rẹ̀ sọ fún un pé ó jẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyá sì parí sí. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta, ọdún 1937 tó wà nínú ìwé, ìṣirò ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀.

Kò sóhun tó burú ńbẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ní Ìbógun-Ọláogun. Ta ló fẹ́ jókòó kọ déètì sílẹ̀ nígbà tí èpò ń dúró lóko? Ọdún mẹ́ta péré ṣáájú ìgbà yẹn, ní ọjọ́ 13 oṣù keje 1934, wọ́n bí Wọlé Ṣóyínká sí Abẹ́òkúta, kò sì sí àríyànjiyàn kankan lórí ọjọ́ tiẹ̀, torí pé ọ̀gá ilé-ìwé ni bàbá rẹ̀ ní St Peter's, Aké. Ilé tí gègé àti tàdáwà bá ti wà, ọjọ́ ìbí á wà ńbẹ̀. Ti Mọ́ṣúúdù Abíọ́lá tún yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Oṣù kẹjọ 1937 ni wọ́n bí i. Ọmọ kẹtàlélógún bàbá rẹ̀ ni, àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ò dúró, ni wọ́n bá pè é ní Káṣìmáawò. Ó di ọmọ ọdún 15 kí wọ́n tó gbà pé ó ti dúró, kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Mọ́ṣúúdù. Ìkómọ tó falẹ̀ fún ọdún 15 gbáko! Òun àti Ọbásanjọ́ ni wọ́n padà jọ ka ìwé ní Baptist Boys' High School, ọmọ tí wọ́n ń wò bóyá yóò dúró àti ọmọ ọjọ́ ọjà.

Bí àwọn àgbà wa ṣe ń ka ọjọ́ orí nìyẹn. Ẹ bi ìyá àgbà léèrè nígbà náà pé ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n, wọ́n á ní àwọn ń rákò nígbà ogun Àdùbí. Ọdún 1918 ni ogun ọ̀hún jà, nígbà tí àwọn ará oko Ẹ̀gbá ní àwọn ò san owó orí, tí wọ́n ń hú irin ojú ọ̀nà réluwéè. Ẹlòmíràn á ní ọdún tí Ọba Adémọ́lá fi ipò Aláké sílẹ̀ ni wọ́n bí òun, lẹ́yìn tí ìyá Fẹlá kó àwọn obìnrin jáde. Ẹni tó bá mọ ìtàn á ṣírò, á ní 1949 nìyẹn. Èmi ò ka irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ sí àìmọ̀wé rárá. Ó ń sọ ohun tí ìlú ń ṣe lọ́jọ́ tí ọmọ dé, ìwé-ẹ̀rí ìbí kì í sì í sọ ìyẹn. Òfin tó sọ ìforúkọsílẹ̀ ọmọ di dandan káàkiri Nàìjíríà, ọdún 1979 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ìwé náà dé tán, àwa náà bá kọ́ bí a ṣe ń bá a ṣeré. Ẹ bi òṣìṣẹ́ ìjọba léèrè ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ lè gbọ́ méjì: ti ilé àti ti fáìlì. Òfin iṣẹ́ ìjọba ní kí ẹni 60 ọdún, tàbí ẹni tó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, máa lọ sílé. Àwọn tíṣà ni òfin àpapọ̀ sún tiwọn dé 65 lọ́dún 2022. Ni àwọn kan bá gba kóòtù lọ, wọ́n búra, ọdún bíi mélòó kan sì jábọ́ lára wọn. Mo mọ ọ̀gá kan tí àbúrò rẹ̀ ti fẹ̀yìntì tí òun ẹ̀gbọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. (Kì í ṣe ìpínlẹ̀ Ògùn nìkan o, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.) Mi ò dá wọn lẹ́bi tán. Ẹ̀rù àárọ̀ ọjọ́ kejì ìfẹ̀yìntì ló ń bà wọ́n, àárọ̀ tí èèyàn á jí, tí á wẹ̀, tí á wọṣọ, tí kò ní ríbi tó ń lọ.

Àwọn tí kò dín ọjọ́ orí kù, ìnáwó ni wọ́n fi ń bo ẹ̀rù tiwọn mọ́lẹ̀. Gbọ̀ngàn, àtíbàbà, aṣọ ẹbí oríṣi méjì, olórin, àti ike tí wọ́n tẹ àwòrán ọlọ́jọ́ ìbí sí lára, tí a ó máa fi bu omi nílé fún ọdún mẹ́wàá. Mo ti bá wọn jẹ ìrẹsì ńbẹ̀, mo ṣì tún máa jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó yá owó kọ́párétíìfù ṣe ọgọ́ta ọdún, tó wá ń fi owó ìfẹ̀yìntì san án, ọjọ́ ìbí yẹn ti di ẹrù sí i lọ́rùn. Bí àlejò bá sì ti tú ká tán, kò sóhun tuntun kan tó bẹ̀rẹ̀ nílé náà.

Èrò tèmi ni pé ọjọ́ ìbí tí èèyàn ò bá fi bẹ̀rẹ̀ nǹkan, àríyá lásán ni, kò yàtọ̀ sí ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ gbóṣùbà fún Ọbásanjọ́. Ẹni tí ìṣèlú rẹ̀ ò bá sì tẹ́ lọ́rùn, kó fi ìyẹn sápá kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní 2007 ló kúrò lórí àga Ààrẹ. Nígbà tí ẹlòmíràn nípò rẹ̀ ì bá wá oyè ọ̀fẹ́ gbà lọ́wọ́ yunifásítì, iléèwé ló padà sí, ní National Open University, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìsìn Kírísítì. Yunifásítì yìí kan náà ni wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba ológun tì pa ní 1984, tí ìjọba tiẹ̀ fúnra rẹ̀ sì jí dìde. Ó ṣe dípúlọ́mà, ó ṣe másítà, ó wá gboyè dókítà ní oṣù kìn-ín-ní 2018, lẹ́ni 80 ọdún. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí yunifásítì náà fún ní irú oyè yẹn. Ṣóyínká náà nìyẹn: ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ kejì jáde ní 1973, ó dákẹ́ lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó ń kọ eré, ó ń kọ ewì, kó tó gbé ẹ̀kẹta jáde ní 2020, lẹ́ni 86 ọdún.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní àwọn wọ̀nyẹn lówó, wọ́n lókìkí, akọ̀wé ń bẹ nílé wọn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi àwọn ọlọ́lá sílẹ̀.

Lọ́dún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí, tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, lẹ́rú ní Ọ̀ṣoògùn. Ogun pín òun àti ìyá rẹ̀ níyà, ọdún 25 kọjá kí wọ́n tó tún fojú kan ara wọn, Abẹ́òkúta níbí sì ni wọ́n ti ríra, lóṣù kẹjọ 1846. Àfàlà ni wọ́n ń pe ìyá náà. Òun náà ti jìyà oko ẹrú, ó ti darúgbó, kò sí ẹni tó ń retí nǹkan tuntun lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì 1848, ìyá yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi nílùú yìí, ó sì gba orúkọ Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì, nítorí Sámúẹ́lì ni ọmọ tirẹ̀ náà ń jẹ́. Ẹ má jẹ́ ká jà lórí ẹ̀sìn. Ìyá arúgbó tó gbà kí wọ́n tún òun sọ lórúkọ níwájú ọmọ rẹ̀ ni mò ń wò.

Tòní ńkọ́? Mo mọ tíṣà kan tó fẹ̀yìntì, obìnrin, tí kò gba gbọ̀ngàn kankan lọ́jọ́ tó pé 60. Ọjà àdìrẹ Ìtòkú ló gbà lọ, ó lọ bá aláró kan pé òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ àdìrẹ. Aláró ọ̀hún kò tíì pé 30. Nígbà tí mo lọ kí wọn, ọ̀gá ń pe ọmọ iṣẹ́ ní "Mọ́mì", ọmọ iṣẹ́ ń pe ọ̀gá ní "ọ̀gá mi", kò sì sẹ́ni tó ń fi ìkankan ṣe àwàdà. Oníko ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún un: kó máa fi òkúta wẹ́wẹ́ sínú aṣọ funfun, kó máa fi ìko dì í pinpin lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìka á fi máa ta á. Ẹlẹ́kọ, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún yà, tí ọnà bíi Olókun àti Ìbàdàndùn ń jáde lára rẹ̀, ṣì wà níwájú. Ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́ lẹ́ẹ̀kan kí àsìkò tó tó, kẹ́míkà inú aró sì jó o lọ́wọ́.

"Mọ́mì, ṣé mi ò ní kẹ́ ẹ má bọ́ ọ?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá mi."

Ẹ tún gbọ́ ẹ̀yin ará ilé: tíṣà tó ti na ọmọ olọ́mọ títí ló ń sọ "ẹ má bínú" fún ẹni tó lè bí! Lójú mi, ìyẹn le ju ìko dídì lọ. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Atẹ́gùn ló máa ń sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni. Lọ́jọ́ tí mo wà níbẹ̀, ìyá na tirẹ̀ sókè, ó ń wò ó bó ṣe ń yí díẹ̀díẹ̀, ó pariwo, ó ní kí n sáré wá wò ó. Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Mọ́mì, ẹ sá a sórí okùn, aṣọ míì ń dúró." Àwọn aṣọ rẹ̀ àkọ́kọ́ bàjẹ́, aró wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Àwọn oníbàárà láti Èkó ti ń ra tìsinsìnyí.

Ìlú tí gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀ náà, àwọn tí ogun jó ilé wọn nínú igbó Ẹ̀gbá ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1830, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn. Àgbàlagbà pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì tún ilé kọ́ lábẹ́ Olúmọ, wọ́n fi orúkọ àwọn ìlú tó ti tú sọ àdúgbò: Kémta, Ìjemọ̀, Ìtòkò, Ìgbẹ̀ìn. Lọ́dún 2030, Abẹ́òkúta á pé igba ọdún, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ìgbìmọ̀.

Ẹ̀yin tí àádọ́ta tàbí ọgọ́ta ọdún yín ń bọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ díẹ̀ nínú owó ike àti àtíbàbà, kẹ́ ẹ fi san owó ìkọ́ṣẹ́, tàbí owó iléèwé, tàbí ohunkóhun tẹ́ ẹ ti ń sọ láti ọjọ́ yìí pé ẹ máa ṣe. Ní Ìtòkú, wọn kì í béèrè ìwé ọjọ́ orí.